Àrokò Tí Mo Dà Nù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi ní ilé-ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì bá mi wí lójú gbogbo ènìyàn, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ olóòyì ti fi sẹ́ẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ ìgò, mo da omi òkè rẹ̀ nù, èmi ọmọ ìyá tí kì í da omi orí ògì nù nítorí àgbo. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo káwọ́ sẹ́yìn.

Inú omi náà ni àwọn àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn wà. Bí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín 30 sí 150 péré ni èyí tí wọ́n ń pè ní exosome fẹ̀ dé. Sẹ́ẹ̀lì á fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di purotéènì àti RNA, èyí tí sẹ́ẹ̀lì lè kà bí ìwé láti fi ṣe purotéènì, á tì í síta, ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ jìnnà, sẹ́ẹ̀lì tó gbà á sì lè torí rẹ̀ yí ìṣe padà. Àrokò gan-an ni.

Àwọn àgbà onímọ̀ náà kò kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀. Eruku ni Peter Wolf pe irú rẹ̀ kan tó rí nínú ẹ̀jẹ̀ ní 1967. Nígbà tí Rose Johnstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà sì rí i lára sẹ́ẹ̀lì pupa àgùntàn tí kò tíì gbó, ìdọ̀tí tí sẹ́ẹ̀lì ń gbá síta ni ọ̀pọ̀ kà á sí. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Sweden fi àpò láti ara sẹ́ẹ̀lì eku fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ti ènìyàn sì ka iṣẹ́ inú rẹ̀, ó fi ṣe purotéènì eku.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn gbọ́ èdè eku. Ọmọ mi kò gbọ́ ti ìyá mi. Lóṣù tó kọjá, ará ilé wa kan tó ti Ọ̀fà bọ̀ gbé ìdì kan wá fún un: owó ẹyọ mẹ́fà tí ìyá mi so mọ́ etí aṣọ òfì. Wọ́n ń sọ pé ọkàn àwọn fà sí ọmọ-ọmọ tí wọn kò tíì fojú rí. Mo ní kí ọmọ náà kà á. Ó kà á pé mẹ́fà, ní èdè Jámánì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ní kí n sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ní Jímọ̀, ìyá mi pè, wọ́n béèrè àbọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán. Mo ní ó ti dé ọwọ́ rẹ̀.