Kọfí, Ọyẹ́ àti Áàpù Orí Fóònù Mi

Ọjà kọfí tí mo ń tà lẹ́bàá yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ kì í rí bákan náà láti oṣù dé oṣù: bí ọyẹ́ bá mú ní òwúrọ̀ oṣù Kejìlá, kẹ́tùlù kì í kúrò lórí iná, ṣùgbọ́n bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi, eṣinṣin ni mo máa ń lé. Nígbà tí mo ń kọ ọjà sínú ìwé, ojú ni mo fi ń díwọ̀n mílíìkì tí n ó rà. Ní báyìí, áàpù orí fóònù mi ń ka ife kọ̀ọ̀kan àti wákàtí tí mo tà á. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kí aago mẹ́sàn-án tó lù ni kọfí gbígbóná máa ń tà jù, àti pé láti oṣù Kejì ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè oníyìnyín.

Áàpù kò kúkú mọ ìyanṣẹ́lódì. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, páálí mílíìkì tí mo tò jọ ni èmi àti àwọn ọmọ mi mu tán.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tún wà ńbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan dúró ti ife rẹ̀ títí ó fi tutù, nítorí owó tí ó fi ránṣẹ́ kò tètè wọlé. Mo po òmíràn fún un.