Ohun Tí Bọ́ọ̀sì Oníbúrẹ́dì Kan Kọ́ Mi Nípa Sítíkà Ara Mọ́tò

Oṣù Kejìlá ni ìyá oníbúrẹ́dì kan gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá bá mi ní Kabba. Ọyẹ́ ti dé, ètè kálukú ti ń là. Ó fẹ́ kí n fi sítíkà bo bọ́ọ̀sì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí àwòrán búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì hàn, torí ó ti fẹ́ máa gbé ọjà dé Mọ̀pà àti Ìsánlú. Ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ kan péré ni mo lè fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ o. Bí n kò bá gbé búrẹ́dì jáde, owó kò wọlé." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbé e lọ."

Ó gbé e lọ lóòótọ́. Ó dára débi pé àwọn ọlọ́kadà ń dúró wò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà dé. Etí sítíkà ti ká sókè lórí táyà, gbogbo ibi tí bọ́dì mọ́tò náà ti kó sínú ti wú bí àkàrà, eruku pupa ojú ọ̀nà sì ti wọ abẹ́ rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn fọwọ́ pa ibi tó ṣí, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí àwọn èèyàn ń wò kí wọ́n tó ra búrẹ́dì mi nìyí." N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Òkun, agbègbè Kabba wa yìí, báyìí, ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé ọwọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ ti parí iṣẹ́. Ọwọ́ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ sítíkà, àti àkókò tí ẹ bá fún un, ló ń dì í mú.

Nígbà tí èmi àti ọmọṣẹ́ mi ṣí i kúrò, òróró àti eruku la bá lẹ́yìn rẹ̀. Ọṣẹ àti omi nìkan ni mo fi fọ ọkọ̀ náà. N kò béèrè pé kí ni dírẹ́bà fi ń pa á lára kó lè máa dán. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ń fọ mọ́tò, kí omi tó sá sábẹ́ rọ́bà fèrèsé àti etí ilẹ̀kùn lè gbẹ pátápátá. Lọ́jọ́ keji, màá po sípíríìtì isopropyl mọ́ omi, ìdá méje nínú mẹ́wàá sípíríìtì, ìdá mẹ́ta omi. Aṣọ méjì ni mo ń lò: ọ̀kan tútù fún nínu, ọ̀kan gbígbẹ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí sípíríìtì tó fẹ́ lọ, torí bó bá ti fẹ́ lọ, ìdọ̀tí tó ti yọ́ yóò tún jókòó padà. Etí ni kí ẹ nù jù: abẹ́ ilẹ̀kùn, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí táyà. Ibẹ̀ ni sítíkà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ má fi bẹntiróò nù ún, ó ń fi òróró sílẹ̀. Tínà sì lè jẹ ọ̀dà tí kò lágbára.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ń kọ́? Ọ̀pọ̀ sítíkà ọkọ̀ ni ìwé rẹ̀ sọ pé kí irin àti afẹ́fẹ́ wà láàárín nǹkan bí 16 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ìwé tó bá róòlù tiyín wá. Láàárọ̀ ọyẹ́, irin ń tutù, gọ́ọ̀mù kì í ràn dáadáa. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta ẹ̀wẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà lóòrùn ń jóni lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù á gbá a mú kí ẹ tó tò ó, sítíkà á sì máa fà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ìta gbangba ni mo ti ṣe iṣẹ́ ìyá yẹn, lábẹ́ igi, nínú ọyẹ́. Ní báyìí, inú ṣọ́ọ̀bù tó nílẹ̀kùn ni mo ti ń ṣe é, mo sì ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa dìde.

Ibi tó dùn mí jù ni irú sítíkà tí mo rà. Oríṣi méjì ló wà. Wọ́n ń fi rólà gbígbóná tẹ èyí tó wọ́pọ̀, tó sì dínwó, títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìyá oníbúrẹ́dì ṣe ń na ìyẹ̀fun tó ti pò. Ẹ sì mọ ìwà ìyẹ̀fun: bí ẹ bá nà án tán tí ẹ yọwọ́, á tún fẹ́ sún kì. Calendered ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní cast, ṣe ni wọ́n da á bí omi sórí nǹkan pẹlẹbẹ, kí wọ́n tó fi ooru gbẹ ẹ́. Wọn kò nà án, nítorí náà kò ní ibì kankan láti sá padà sí. Ó fẹ́lẹ́, nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 50, ó sì ń tẹ̀ lé kọ́nà mọ́tò. Èyí tó dínwó kò burú lára ilẹ̀kùn tó tẹ́jú tàbí lára pátákó. Ara bọ́ọ̀sì tó kún fún kọ́rọ́ àti kòtò kọ́ ni ibi tirẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ jèrè sí i níbẹ̀. Ìyá kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ó finú tán mi ni.

Cast pàápàá, bí ẹ bá ti fà á wọ inú kòtò, ó ku iṣẹ́ kan. Ẹ padà fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru lù ú, ní gbogbo etí àti gbogbo ibi tó fà, títí yóò fi gbóná tó 90 sí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yẹn ló ń mú kó gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń nà sí nǹkan láti fi mọ bó ṣe gbóná tó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń tẹ àwòrán sí i, bóyá ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, ẹ má gbà kí wọ́n fi ike bò ó lójú lọ́jọ́ kan náà. Kí íǹkì gbẹ fún wákàtí 24, ó kéré tán. Kẹ́míkà inú íǹkì tí kò tíì gbẹ á wọ inú gọ́ọ̀mù, á sì sọ ọ́ di aláìlágbára.

Àwọn tírélà tó ń gba ọ̀nà Obájànà ní wàhálà tiwọn. Oòrùn ti jẹ ọ̀dà púpọ̀ nínú wọn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara tírélà náà: bí lẹ́búlẹ́bú ọ̀dà bá yọ bí ẹfun, ara ẹfun náà ni sítíkà yóò lẹ̀ mọ́, ẹfun ò sì ní pẹ́ ṣí. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà dé náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ dénú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí sítíkà méjì bá máa gun ara wọn, kí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀, bí páànù òrùlé, kí ti iwájú sì gun ti ẹ̀yìn, kí afẹ́fẹ́ eré má ráyè kó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má bo àwọn iná àti ohun tó ń tàn lálẹ́ lára tírélà. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, pàápàá lójú ọ̀nà tiwa tí ọkọ̀ tó bàjẹ́ ti máa ń sùn mọ́jú.

Kí n má gbàgbé: bí sítíkà bá yí àwọ̀ mọ́tò padà, ẹ rán oní-mọ́tò létí pé kó lọ yí àwọ̀ inú ìwé ọkọ̀ rẹ̀.

Mo bẹ ìyá náà pé kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wò mí títí. Mo ní màá san owó ọkọ̀ tí yóò fi gbé búrẹ́dì rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Máa ṣe é." Lọ́jọ́ kìíní a fọ̀ ọ́, lọ́jọ́ keji a lẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ kẹta a fi ooru lu gbogbo etí rẹ̀, a sì jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Òjò méjì ti rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn méjì sì ti kọjá lórí bọ́ọ̀sì yẹn. Bó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, mo ṣì máa ń jáde lọ wo orí táyà rẹ̀.