Ẹ̀sìn gómìnà àti ti igbákejì rẹ̀ ní Ọ̀yọ́

Abala 10 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 kò gba ìjọba láyè láti sọ ẹ̀sìn kankan di tirẹ̀. Kò sì síbi tí òfin ti ní kí ẹ̀sìn gómìnà àti ti igbákejì rẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá jẹ́ Mùsùlùmí, Kristẹni ni èkejì sábà máa ń jẹ́. Ìbò ló fà á: n'Ìbàdàn níbí, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń gbé agbo ilé kan náà. Lọ́dún 2011, Gómìnà Ajímọ̀bi, Mùsùlùmí, mú Moses Adéyẹmọ, Kristẹni, ní igbákejì. Lọ́dún 2019, Gómìnà Mákindé, Kristẹni, mú Rauf Ọláníyàn, Mùsùlùmí. Nígbà tí ilé aṣòfin yọ Ọláníyàn lóṣù keje 2022, Mùsùlùmí náà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Báyọ̀ Lawal.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ nìkan mọ ẹ̀sìn olóṣèlú. Báyọ̀ yìí, Abdulraheem ni orúkọ rẹ̀ mìíràn. Ẹ wo ọjọ́ ìbúra: ṣé Bíbélì ló gbé lọ́wọ́ ni, àbí Kùránì?