Àwòrán àdìrẹ láti inú Excel: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi Excel, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, ya àwòrán tí mo fẹ́ fi ẹ̀kọ láfún kùn sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ilé wa ní Òṣogbo. Mo fẹ́ mú àwọ̀n tí ìlà rẹ̀ tò ní ìdúró àti ìbú, kí n sì wo bí yóò ṣe tẹ̀ bí mo bá wá sáìnì (sine) ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà complex, ìyẹn nọ́ńbà alápá méjì bíi x+yi, tí i × i jẹ́ -1.

Nínú àwọn fọ́múlà Excel, COMPLEX ló ń so x àti y pọ̀ di nọ́ńbà kan, IMSIN ló ń wá sáìnì rẹ̀. Mo dán 1+1i wò, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.2985+0.6350i, nígbà tí mo sì fi ọwọ́ ṣírò apá méjèèjì, sin x × cosh y àti cos x × sinh y (cosh àti sinh ni kosáìnì àti sáìnì irú ti hyperbolic), wọ́n bára mu.

Ohun tó gba àkókò mi jù ni pé ọ̀rọ̀ lásán ni Excel ka èsì IMSIN sí. Bí a bá fi àmì ìròpọ̀ ro méjì nínú wọn, #VALUE! ni yóò gbé jáde, àfi kí a lo IMSUM, fọ́múlà tó ń ro nọ́ńbà complex pọ̀. Bákan náà ni mo ní láti fi IMREAL (tó ń yọ apá àkọ́kọ́) àti IMAGINARY (tó ń yọ apá tó ní i) tú u sí òpó méjì kí n tó lè yà á. Radian (ìwọ̀n igun tí PI() rẹ̀ jẹ́ 180 dígírì) nìkan ni IMSIN sì gbà: alẹ́ tí mo fi dígírì kọ x, gbogbo ìlà ló dàrú.

Nígbà tí x lọ láti -PI()/2 dé PI()/2, tí y sì lọ láti -2 dé 2, àwòrán náà jáde, ó sì dùn mọ́ mi gan-an. Àwọn ìlà ìbú di ìdajì ellipse (òbìrí tó gùn bí ẹyin), ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì para pọ̀ di odidi, èyí tó wà láàárín pẹrẹsẹ, èyí tó wà lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe roboto. Àwọn ìlà ìdúró tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, síbẹ̀ igun 90 dígírì ni wọ́n fi ń kọjá lára ara wọn. Ní 1 àti -1 nìkan ni igun náà ti ṣí di ìlà gbọọrọ.

Ibẹ̀ gan-an ni Ìyá aláró tó ń bá mi rẹ aṣọ fi ìka sí: “Ọmọ mi, ìlà ibí yìí fún mọ́ra jù, ẹ̀kọ á wọnú ara wọn.” Mo fi ìyẹ́ adìyẹ dán an wò lórí àkísà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, mo wá yọ ìlà tó sún mọ́ ojú méjèèjì jù.

Ó ku kí n yí àwòrán padà sí àwọ̀n. Excel kò ní IMASIN tí ì bá dá sáìnì padà sí nọ́ńbà tó ti wá, nítorí náà IMLN (lọ́gì) àti IMSQRT (gbòǹgbò onílọ́po méjì) ni mo ń fi kọ fọ́múlà rẹ̀ lọ́wọ́.