Nọ́ńbà Ọ̀sẹ̀ Tó Kọjá

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún ọ̀tún mi dà mí láàmú débi pé ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé. Àríwá England ni mò ń gbé. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò wa, yẹ̀ mí wò, ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí dókítà eegun. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún mi.

Òfin NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ni pé nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tó ń dúró de ìtọ́jú lọ́dọ̀ kọ́nsọ́tàǹtì, ìyẹn ọ̀gá dókítà, ó kéré tán 92 kò gbọ́dọ̀ tíì dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ. Ti ẹni tí wọ́n bá fura pé ó ní jẹjẹrẹ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ 28 ni wọ́n dá fún ilé ìwòsàn láti sọ fún un bóyá òun ni àbí òun kọ́.

Ká sòótọ́, wọn ò pa òfin ọ̀sẹ̀ 18 yẹn mọ́. Láti ọdún 2016 ni England lápapọ̀ kò ti dé 92 náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ 27 ni èmi lò, ìrora yẹn sì gba oorun lójú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé 27 ni. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbé iye ẹni tó ń dúró jáde, tòun ti orúkọ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 18 kọjá, mo pè wọ́n, mo ní ẹ̀tọ́ mi ni kí wọ́n bá mi wá ibòmíì tó lè tètè rí mi. Obìnrin tó gbé fóònù ò bá mi jiyàn. Ó ní ṣé mo lè lọ sí ìlú kejì? Ibẹ̀ ni mo ti rí dókítà.

Lásìkò yẹn gan-an ni ojú ń yọ Màmá mi lẹ́nu ní Ìlá Ọ̀ràngún. Glaucoma ni. Hẹ́ltì sẹ́ńtà kọ lẹ́tà fún wọn sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn, níbi tó jẹ́ pé ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni dókítà ojú ń rí irú wọn. Ọjọ́ Ajé ni Màmá á ti kúrò nílé, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ àbúrò wọn. Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi ọkùnrin á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, á kọ orúkọ Màmá sórí ìwé kan tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà 34. Wọ́n gba káàdì, wọ́n sanwó, wọ́n dúró de fáìlì. Dókítà dé ní aago mọ́kànlá. Nígbà tó kan nọ́ńbà 29, wọ́n pe dókítà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì jáde: "Ẹ̀yin tó kù, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé tuntun ni wọ́n fi òkúta tẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò wúlò mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bá dókítà yẹn wí, òun nìkan ló ń dá ojú gbogbo wọn wò. Mo sì mọ àwọn tó dé ibẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n rí ọ̀gá dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ sí wa níbí àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Ó dára. Ṣùgbọ́n glaucoma kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jí ìríran gbé, èyí tó bá sì ti lọ ò ní padà.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò gba owó ńlá: kí wọ́n kọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé sára káàdì, kí ẹni tí wọ́n bá dá padà lónìí ṣíwájú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ní kí àbúrò mi ra ìwé àjákọ. Ó kọ ọjọ́ tí lẹ́tà jáde síbẹ̀, ó kọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n dá wọn padà. Ọ̀sẹ̀ 23 ló pé kí Màmá tó jókòó síwájú dókítà. Ẹ̀gbẹ́ ohun tí ojú òsì wọn ń rí ti ṣókùnkùn.

Ó ṣì ń mú ìwé náà lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, ìyá kan tó jókòó ti Màmá bi í pé kí ló ń kọ. Ó ṣàlàyé fún wọn. Ìyá náà tú ìdí aṣọ, wọ́n yọ lẹ́tà tiwọn jáde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi ka ọjọ́ tèmi náà."