Pálọ̀ kan, ọmọ mẹ́rin, nǹkan ìṣeré rẹpẹtẹ

Ẹni tó bá ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ọmọ nínú ilé oníyàrá kan àti pálọ̀ ní Ìkòròdú mọ̀ pé ilẹ̀ pálọ̀ yẹn kì í sinmi. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọmọ wá, torí àwọn òbí ní láti tètè wọ BRT lọ sí Mile 12, tàbí kí wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi ní Ìpákòdò. Orí ẹní nílẹ̀ pálọ̀ ni ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun máa ń sùn padà sí. Tó bá di aago mẹ́sàn-án, ilẹ̀ kan náà ti di ibi ìṣeré. Lọ́sàn-án, ó di ibi oúnjẹ, lẹ́yìn oúnjẹ ó tún di ibi oorun. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo kọ́ láti máa fi wọn nǹkan ìṣeré nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ kò bá ṣe é kó kúrò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti pọ̀ jù, tàbí kí ibi tí à ń kó o sí má dára.

Ọ̀rọ̀ iye ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Toledo ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 36 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 18 sí 30. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣeré níbi tí nǹkan ìṣeré 4 wà, wọ́n tún jẹ́ kó ṣeré níbi tí 16 wà. Níbi tí 4 wà, àwọn ọmọ pẹ́ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì gbà fi ṣeré. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ọdún méjì láàárín òkìtì nǹkan ìṣeré, tó ń gbé èyí jù, tó ń gbé tọ̀hún jù, tó sì ń sunkún pé òun ò rí nǹkan ṣe, kò ní bá wọn jiyàn.

Ẹ dúró di alẹ́ tí gbogbo ọmọ ti lọ, kí ẹ da gbogbo nǹkan ìṣeré ilé sílẹ̀. Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ yọ èyí tó ti ṣẹ́ tí etí rẹ̀ mú, èyí tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí, èyí tí ìdérí bátìrì rẹ̀ ti sọnù, àti bébì tí ojú rẹ̀ ti ń mì. Ẹ má sọ pé ẹ ó tún un ṣe tó bá yá. Alẹ́ ọjọ́ náà ni kó bá pàǹtí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ọmọ ń fi wọ́n ṣe pín ìyókù: èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé, èyí tí wọ́n fi ń dáná tí wọ́n sì fi ń tajà, èyí tí wọ́n ń tì tàbí tí wọ́n ń fà, àti èyí tí wọ́n ń jókòó jẹ́jẹ́ ṣe, irú bí ìwé àwòrán àti jígísọ̀. Ẹ wá mú díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi di ìdì mẹ́rin. Ìdì kan á wà níta fún ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́ta á wà ní ìpamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ pààrọ̀ wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á kó gbogbo mọ́tò sínú ìdì kan, wọ́n á kó gbogbo bébì sínú òmíràn. Tí ọ̀sẹ̀ mọ́tò bá wá dé, ọmọ tí kò bìkítà fún mọ́tò kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa da ti ẹlòmíràn rú. Ìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní díẹ̀ nínú ohun gbogbo. Tí ọmọ bá sì ń bèèrè ohun tó wà ní ìpamọ́, ẹ fún un ní ẹyọ kan, kí òun náà dá ẹyọ kan padà. Ohun tí ọmọ ń tì nílẹ̀ ní tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo kò tó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tí "ẹ jọ máa lò ó" jẹ́, méjì tó jọra ló ń parí ìjà wọn.

Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń kó wọn sí ló lọ́wọ́ nínú jù, torí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ. Báàgì Ghana-must-go àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ni ọ̀pọ̀ máa ń lò, àwọn méjèèjì kò sì dára fún èyí tó wà níta. Ohun tó bá jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí ọmọ ń wá máa ń wà, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì dà sílẹ̀ kó tó rí i. Ike fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò jìn ju 15 cm lọ ni kí ẹ rà, mẹ́ta péré, kí ọmọ ọdún méjì lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ẹ má fi ìdérí sí èyí tó wà níta. Ẹ gé àwòrán mọ́tò tàbí ti ìkòkò lára páálí, ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ bò ó mọ́ iwájú ike, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà lè mọ ibi tí kálukú ń lọ. Àpótí onígi tó ní ìdérí wúwo, ẹ má gbà á lọ́wọ́ káfíńtà bó ti wù kó dára tó. Ìdérí yẹn lè já lu ọmọ lọ́rùn, ọmọ sì lè wọ inú rẹ̀ kó dé mọ́ ọn. Tó bá ti wà nílé, ẹ tú ìdérí rẹ̀ kúrò.

Èyí tó wà ní ìpamọ́ ló nílò ìdérí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé igi bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó lọ sí ọjà Sábó, kí ẹ sì yọ 3 cm kúrò nínú rẹ̀ kí ike lè wọlé láìha. Rọ́bà tó mọ́ gaara ni kí ẹ mú, kí ẹ má baà máa ṣí mẹ́ta kí ẹ tó rí ọ̀kan. Ẹ má lo páálí Indomie: aáyán fẹ́ràn páálí àti gọ́ọ̀mù ara rẹ̀, òjò kan sì tó láti sọ ìdí rẹ̀ di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti gbé ọ̀dà tàbí kẹ́míkà rí kò yẹ kó gbé ohun tí ọmọ máa fi sẹ́nu. Rọ́bà kọ́sítáàdì tàbí ti bọ́tà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń tà lẹ́yìn ìlò dára, tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Káńfọ̀ náà kò yẹ níbẹ̀. Ẹ má sọ bọ́ọ̀lù funfun tí à ń kó sínú aṣọ yẹn sínú nǹkan ìṣeré nítorí aáyán. Ó jọ súìtì lójú ọmọ, èyí tí wọ́n fi naphthalene ṣe nínú rẹ̀ sì máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá lára ọmọ tí G6PD, èròjà ara tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa náà, kò pé lára rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n ní Nàìjíríà. Ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ á dúdú. Ìdérí tó dé dáadáa àti ike tí kò ní èérún bísíkíìtì nínú ti tó fún aáyán.

Mi ò fẹ́ràn ṣẹ́lùfù gíga nínú irú pálọ̀ yìí. Ọmọ á gùn ún, á sì wó lé e. Tí ẹ bá ti ní ọ̀kan, ẹ fi irin àti ìdè kàn án mọ́ ògiri, ẹ kó ohun wíwúwo sí ìsàlẹ̀, ẹ má sì gbé ohun tó wu ọmọ sí òkè. Tí lándílọ́ọ̀dù kò bá gbà kí ẹ lu ògiri, ẹ gbé ṣẹ́lùfù náà wọ yàrá, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ike mẹ́ta yẹn lè wà nílẹ̀ lẹ́yìn àga ńlá: ẹ fa àga náà kúrò lára ògiri ní nǹkan bí 40 cm, ẹ to ike síbẹ̀. Àlejò ò ní rí wọn, àwọn ọmọ á sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan, irú èyí tó tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7, ló dára jù fún ààlà ìṣeré. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí nǹkan ìṣeré má kúrò lórí rẹ̀. Tí àkókò oúnjẹ bá kù díẹ̀, ẹ kó ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ á yí sáàárín, ẹ ó sì dà á sínú ike. Àwọn kan máa ń fi okùn yí etí aṣọ náà ká kí ó lè fún bíi àpò. Ó ń yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn gígùn nílẹ̀ níbi tí ọmọ jòjòló wà lè yí mọ́ ọn lọ́rùn, nítorí náà mi ò gbà á níyànjú. Ìgun mẹ́rin ti tó.

Ohun tó le jù ni kí ọmọ oṣù mẹ́jọ àti ọmọ ọdún mẹ́rin jọ wà nínú pálọ̀ kan. Ẹ wá páálí roboto tó máa ń ṣẹ́kù tí tíṣù ilé ìyàgbẹ́ bá tán. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè dí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Ẹ kó gbogbo irú bẹ́ẹ̀ sínú rọ́bà kan ṣoṣo, kí ẹ gbé e sí ibi tí ẹ̀yin nìkan lè nawọ́ dé. Orí tábìlì ni ọmọ ńlá á ti máa lò ó, tàbí ìgbà tí jòjòló bá ń sùn, ẹ sì ka iye rẹ̀ kí ẹ tó fún un àti lẹ́yìn rẹ̀. Bàlúùnù, yálà ó wú tàbí ó ti bẹ́, kò ní àyè kankan nílẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tí nǹkan ìṣeré tuntun wá nínú rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ tún yàtọ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ roboto, irú ti aago, lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ láàárín wákàtí 2 tó bá há síbẹ̀. Nǹkan ìṣeré tí ìdérí bátìrì rẹ̀ kò ní ìdè tí à ń fi súkúrú dí, ẹ má gbà á sílé, pàápàá àwọn tókunbọ̀ tí wọ́n ń pa pọ̀ tà nínú ọjà. Tí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ọwọ́ mú un bì. Ní ti dùùrù tó ń kọrin ABC láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tó rà á fún ọmọ ni kó máa gbọ́ ọ nílé tirẹ̀.

Fífọ̀ ńkọ́? Ẹ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lókè tí ẹ ó máa sọ ohunkóhun tó bá ti wọ ẹnu ọmọ sí, kí òmíràn má mú un. Lálẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án. Lẹ́yìn náà ẹ fi blíìṣì tí kò ní òórùn lọ́fínńdà, irú èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ṣíbí tíì kan pò mọ́ omi lítà 1.5. Ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ọṣẹ ló ń ṣáájú, torí blíìṣì kì í ráyè ṣiṣẹ́ lára ohun tó ní itọ́ àti oúnjẹ. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, ẹ sì da omi náà nù lójú ẹsẹ̀: omi díẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó láti pa ọmọ tí orí rẹ̀ bá wọ inú rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà oníhò tó ń tu omi, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gé ọ̀kan sí méjì, ẹ ó rí ìdí: èbu dúdú inú rẹ̀ kò ṣe é fọ̀.

Fún àwa tí ilé wa sún mọ́ ọ̀nà Ògìjo, eruku fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì mọ́tò àlòkù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníròyìn ṣètò, tí wọ́n gbé jáde ní 2025, sì fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn ará ibẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ẹnu ọmọ àti ọwọ́ rẹ̀ ni òjé inú eruku máa ń gbà wọlé. Ẹ má gbá ilẹ̀ gbígbẹ kí ẹ tó tẹ́ aṣọ ìṣeré. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì fọ aṣọ ìṣeré náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bàtà kò gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀.

Ohun tí kò ná wa lówó ni pákó tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ káfíńtà. Ẹ ní kó bá yín gé igi 2 sí 2 ínṣì sí gígùn ínṣì 2, 4 àti 6, nǹkan bí 40 lápapọ̀ fún ọmọ mẹ́rin. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 ha etí rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà 120 parí rẹ̀ títí ọwọ́ ò fi ní ha mọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán pa igi náà. Tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà á. Ẹ má kun ún ní fáníìṣì. Agolo mílíìkì tún dára fún ṣíṣe ọjà, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ nu etí rẹ̀ yípo: níbi tí aṣọ bá ti há, ọwọ́ ọmọ máa gé níbẹ̀.

Ní ti kíkó nílẹ̀, ẹ kéde rẹ̀ kó tó tó àkókò: "Ó kù díẹ̀ ká jẹun o." Tí ẹ bá wá ní "Ẹ kó nǹkan yín," kò sẹ́ni tí yóò dáhùn. Ẹ pín in: "Tóbi, mọ́tò. Ìfẹ́, pákó." Ẹ fún ọmọ ọdún kan ní ẹyọ kan lọ́wọ́ kó sọ ọ́ sínú ike, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, kẹ́ ẹ tún fún un ní òmíràn. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dín ike kan kù lọ́la.

Ọmọ tó bá gbé nǹkan ìṣeré tirẹ̀ láti ilé wá, inú báàgì rẹ̀ ni kó wà títí ìyá rẹ̀ á fi dé. Ẹ sọ fún àwọn òbí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Màmá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi mọ́tò rẹ̀ sílé." Aṣọ tàbí bébì tí ọmọ ò lè ṣe kó má sùn pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni mo yọ sílẹ̀, ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ gbogbo àga, pàápàá àga tí kúṣìnnì rẹ̀ ṣe é gbé, torí abẹ́ kúṣìnnì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí ẹ ò rí ká lórí tábìlì sábà máa ń wà.