Lẹ́yìn kaúńtà Ganado: ìrìnàjò mi sí ilé ìtajà àwọn Navajo

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ sí ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lásìkò ooru, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ aago. Ìpínlẹ̀ Arizona kì í yí aago padà, kó sún un síwájú ní wákàtí kan lásìkò ooru, bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn Navajo ń yí tiwọn, nítorí ilẹ̀ wọn nà wọ New Mexico àti Utah. Àwọn Hopi, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn tí ilẹ̀ Navajo yí ká pátápátá, kì í yí tiwọn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà 264 láti Tuba City lọ sí Ganado, fóònù rẹ̀ yóò máa lọ síwájú, yóò máa bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ béèrè aago lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá, ẹ má gbọ́kàn lé ti ọwọ́ yín.

Gallup ní New Mexico ni èmi gbà wọlé. Mo kọjá Window Rock, olú-ìlú ìjọba Navajo, mo gun òkè tí igi páìnì bò, mo sì sọ̀ sí ilẹ̀ pupa tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ganado kò tóbi. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni Hubbell Trading Post, ilé ìtajà tí oníṣòwò John Lorenzo Hubbell rà ní 1878. Ìdílé rẹ̀ ló ni ín títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ National Park Service, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú irú ibi bẹ́ẹ̀, ní 1967. Ibi ìtàn ni báyìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tajà níbẹ̀.

Pákó ilẹ̀ ibẹ̀ ń dún bí ẹ bá ti tẹ ẹsẹ̀ lé e. Kaúńtà ga, ó sì fẹ̀, débi pé ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò lè nawọ́ mú nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kàn án bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé ìtajà yìí, wọ́n tún máa ń gbé ilẹ̀ ẹ̀yìn kaúńtà ga, kí oníṣòwò lè máa wo oníbàárà láti òkè. Lórí pẹpẹ ni fláwà, kọfí àti èso alágolo wà. Okùn, ìkòkò àti ìjánu ẹṣin rọ̀ sókè. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, kaúńtà yìí ló jọ mí lójú jù, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ irú òwò tí wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1864, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sun oko àwọn Navajo, wọ́n gé igi píìṣì wọn lulẹ̀, wọ́n pa àgùntàn wọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ da wọn lọ sí Bosque Redondo ní ìlà oòrùn New Mexico. Àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀ ju 8,000 lọ. Ebi àti àrùn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Hwéeldi ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àwọn àgbà kan kì í sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù 1868 ni àwọn aṣáájú wọn tọwọ́ bọ àdéhùn tó jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Ganado Mucho, tí ìlú Ganado ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìjọba fún wọn ní àgùntàn láti fi bẹ̀rẹ̀. Fláwà, kọfí àti ṣúgà tí wọ́n ti ń pín fún wọn ní ìgbèkùn ti wọ inú oúnjẹ wọn. Bí àgùntàn ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn oníṣòwò ń dé, torí irun rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Àwìn ló gbé òwò náà ró. Ìgbà ìrúwé ni irun àgùntàn ń jáde, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń ta ọmọ àgùntàn. Láàárín méjèèjì, ènìyàn á rajà, oníṣòwò á kọ ọ́ sínú ìwé. Bí gbèsè bá ga jù, oníbàárà á fi bẹ́líìtì fàdákà, ẹ̀gbà ọrùn tàbí gàárì ẹṣin dógò. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà yóò tètè mọ irú ọjà tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ló máa ń lọ lóṣòó de onígbèsè ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Navajo, onígbèsè ló ń gẹṣin wá fúnra rẹ̀, nítorí ilé ìtajà mìíràn lè jìn tó ìrìn odidi ọjọ́ kan. Àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ rọ owó irin tiwọn, tí kò wúlò níbòmíràn àfi ní ṣọ́ọ̀bù tó ti jáde.

Síbẹ̀, n kò ní pe gbogbo wọn ní olè. Hubbell gbọ́ èdè Navajo, ó sì gbọ́ èdè Sípéènì ti ìyá rẹ̀. Naakaii Sání, àgbà ará Mẹ́síkò, ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àrùn ìgbóná jà ní 1886, wọ́n ní ó gba àwọn aláìsàn sí ilé rẹ̀, ó sì tọ́jú wọn. Òun ló ń bá wọn ka lẹ́tà ìjọba, òun ló ń kọ èsì. Nígbà tó kú ní 1930, orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n sin ín sí, nítòsí ìyàwó rẹ̀ àti Many Horses, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Navajo. Oníṣòwò rere máa ń yọ ẹ̀gbà tí wọ́n fi dógò fún ẹni tó ni ín kó lè fi lọ síbi ètùtù, yóò sì dá a padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún yín ṣòro láti bá jà lórí iye tó kọ sínú ìwé rẹ̀.

Yàrá rọ́ọ̀gì ló tẹ̀lé e. Àwọn àwòrán kéékèèké wà lára ògiri, ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bátànì rọ́ọ̀gì kan. Hubbell ló ní kí àwọn ayàwòrán yà wọ́n, kí àwọn obìnrin tó ń hunṣọ lè rí ohun tí àwọn olówó ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ń fẹ́. Tẹ́lẹ̀, aṣọ ìbora ni wọ́n ń hun. Nígbà tí àwọn oníṣòwò gbé aṣọ ilé iṣẹ́ dé, títí kan ti ilé iṣẹ́ Pendleton, àwọn Navajo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyẹn bora, iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn sì di ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ nílé ẹlòmíràn. Ibi tí oníṣòwò wà ni rọ́ọ̀gì ti ń gba orúkọ: Ganado Red pupa fòò, Two Grey Hills kò fi bẹ́ẹ̀ ní aró, àwọ̀ irun àgùntàn fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oníṣòwò J. B. Moore ní ìlú Crystal, New Mexico, tẹ ìwé bátànì tirẹ̀ jáde ní 1903 àti 1911, ó sì ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn kan máa ń sọ pé oníṣòwò ló kọ́ wọn níṣẹ́ náà. N kò gbà. Òṣùwọ̀n ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìgbà yẹn fi ń ra rọ́ọ̀gì, bí ẹni ń ra irun àgùntàn lásán.

Mo rí kékeré kan tó wù mí. Mo bi ìyá tó ń tọ́jú yàrá náà pé èló ni jálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi lébẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n so mọ́ ọn hàn mí, orúkọ ẹni tó hun ún wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Mo sanwó.

Ohun tó pa òwò àtijọ́ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba fipá dín àgùntàn wọn kù, wọ́n ní ilẹ̀ ti ń ṣá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ pick-up àti ọ̀nà ọ̀dà jẹ́ kí Gallup súnmọ́ ilé. Nígbà tó di 1972, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òwò jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn Navajo. Ilé ìtajà ni lẹ́tà ń gbà wọlé, torí náà oníṣòwò máa ń mọ ẹni tí ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ti dé, àwọn kan sì ń dì í mú títí oníbàárà yóò fi buwọ́ lù ú fún gbèsè. Wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní 1973, òfin le sí i, òwò ìdógò sì kó lọ sí àwọn ìlú ẹ̀bá ààlà.

Gallup ni mo padà sí lálẹ́, mo sì yà sí ṣọ́ọ̀bù ìdógò kan. Gàárì ẹṣin tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, pẹ̀lú lébẹ̀ẹ̀lì lára ìkọ̀ọ̀kan. Arákùnrin tó ń tajà sọ fún mi pé kì í ṣe àìlówó ló gbé gbogbo wọn wá; àwọn mìíràn ń kó ẹrù iyebíye síbẹ̀ kí olè má bàa jí i nílé, wọ́n á wá gbà á bí ayẹyẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni baba kan wọlé, ó san èlé orí gàárì tirẹ̀, ó gba rìsíìtì, ó ní òun kò tíì fẹ́ gbé e lọ.